Níbo Ni Ìbọn Ń Sùn? Ìtàn Ìpamọ́ Ohun Ìjà Nínú Ilé Ní Ìbàdàn

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ikú ilé kò bá pani, tòde kò lè pani. Mo rí i pé òwe yìí bá ìtàn ìlú wa mu gan-an. Bí a bá ń sọ ìtàn Ìbàdàn, ogun òde ni à ń sọ. A ó sọ ti Òṣogbo ní 1840, níbi tí àwọn ọmọ ogun Ìbàdàn ti dá àwọn ẹlẹ́ṣin Ìlọrin padà. A ó sọ ti Ìjàyè, a ó sì sọ ti Kírìjì. A ó dárúkọ Olúyọ̀lé, Ìbíkúnlẹ̀, Ògúnmọ́lá àti Látóòsà. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tí n kò tíì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni bi olùkọ́ ìtàn: nígbà tí ogun bá parí, tí àwọn jagunjagun bá padà wálé, ibo ni wọ́n ń kó ìbọn sí?

Ìbéèrè náà kéré lójú, ṣùgbọ́n ó tóbi nínú. Ìbọn kì í wà lójú ogun lójoojúmọ́. Ọjọ́ tí ó ń lò nílé pọ̀ ju ọjọ́ tí ó ń lò lóko ogun lọ. Nílé yẹn ni ìyá àti ọmọ wà, níbẹ̀ náà sì ni iná ìdáná wà. Nítorí náà, bí a bá ń sọ ìtàn bí àwọn baba wa ṣe ń tọ́jú ìbọn nílé, ìtàn bí a ṣe ń dáàbò bo ara wa lọ́wọ́ ara wa ni à ń sọ. Ohun tí mo fẹ́ fi hàn nínú àròkọ yìí ni pé ohun ìjà tí ó wà nínú ilé kan kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹni tí ó ni ín nìkan. Gbogbo agbo ilé ni ó kàn, gbogbo àdúgbò ni ó kàn. Òfin tí ó bá béèrè ẹni tí ó ni ìbọn, tí kò béèrè ibi tí ìbọn ń sùn, ààbọ̀ iṣẹ́ ni ó ṣe.

Bí ìbọn ṣe dé ọ̀dọ̀ wa

Ìbọn kì í ṣe ohun ìjà àtayébáyé fún Yorùbá. Ọfà, ọ̀kọ̀, idà àti kùmọ̀ ni àwọn baba wa fi ń jagun. Etí òkun ni ìbọn ti wọlé, lọ́wọ́ àwọn òyìnbó oníṣòwò tí wọ́n ń ra ẹrú. Àwọn Ìjẹ̀bú, tí wọ́n sún mọ́ etí òkun, ni wọ́n tètè ní in. Nínú ogun Òwu, ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kọkàndínlógún, Ìjẹ̀bú mú ìbọn wá sójú ogun, idà ni àwọn ará Òwu sì gbára lé. Ìyàtọ̀ yìí wà lára ohun tí ó fọ́ ìlú Òwu. Lẹ́yìn ogun yẹn àti àwọn ogun mìíràn tí ó tẹ̀lé e, àwọn jagunjagun láti Ifẹ̀, Ìjẹ̀bú, Ọ̀yọ́ àti ilẹ̀ Ẹ̀gbá kóra jọ sí Ìbàdàn, ní nǹkan bí ọdún 1829. Wọ́n sọ ọ́ di ibùdó ogun.

Ẹ jẹ́ kí a ronú lórí gbólóhùn yẹn díẹ̀. Ibùdó ogun ni, kì í ṣe abúlé àgbẹ̀. Nínú ìlú tí ó bẹ̀rẹ̀ báyìí, ìbọn àti ọmọdé jọ dàgbà lábẹ́ òrùlé kan náà ni.

Ìbọn tí ó wọ́pọ̀ nígbà náà ni èyí tí a ń pè ní ṣakabùlà. Ó yẹ kí ẹni tí kò rí i rí mọ bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́, nítorí ibẹ̀ ni ewu rẹ̀ nínú ilé ti bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí yóò yìn ín yóò kọ́kọ́ da ẹ̀tù sí i láti ẹnu. Yóò ki àkísà mọ́ ọn, yóò da ọta sí i, yóò sì fi ọ̀pá ki gbogbo rẹ̀ mọ́lẹ̀ dáadáa. Bí ó bá fa ìfà rẹ̀, òkúta ìṣáná yóò ta iná sí ẹ̀tù, ìbọn yóò sì dún. Ìbọn tí a bá ti ki báyìí kò ṣe é tú bọ̀rọ̀. Ọ̀nà tí ó rọrùn jù láti tú u ni kí a yìn ín. Nítorí náà, ọdẹ tí ó lọ sóko tí kò rí ẹran pa yóò ní ìpinnu kan láti ṣe kí ó tó wọlé: ṣé kí ó yìn ín sínú igbó, kí ẹ̀tù olówó ṣòfò ni, àbí kí ó gbé e wọlé bí ó ṣe wà? Ahun á gbé e wọlé. Ọlọ́gbọ́n á yìn ín sófo.

Ẹ̀tù fúnra rẹ̀ tún ni ewu kejì. Koríko ni wọ́n fi ń bo ilé ní Ìbàdàn àtijọ́. Ní àkókò ọyẹ́, ẹta iná kan láti inú ààrò tó láti jó agbo ilé. Ẹ wá rò ó wò bí àgbá ẹ̀tù bá wà nínú ọ̀kan nínú àwọn yàrá wọ̀nyẹn. Ẹ̀tù kò mọ ọ̀tá yàtọ̀ sí ọmọ onílé.

Agbo ilé ni ilé ìṣúra ohun ìjà

Ìbàdàn kì í ṣe ìlú tí ọba kan jókòó sí ààfin, tí ó wá kó gbogbo ìbọn ìlú jọ sọ́dọ̀ ara rẹ̀. Olórí ogun kọ̀ọ̀kan ni ó ń fi owó ara rẹ̀ ra ìbọn àti ẹ̀tù, tí ó sì ń pín in fún àwọn ọmọ ogun tí ó wà lábẹ́ rẹ̀. Bí ọmọ ogun bá ṣe pọ̀ tó lẹ́yìn ẹnì kan ni iyì rẹ̀ ṣe ń pọ̀ tó, bẹ́ẹ̀ náà ni oyè rẹ̀ ṣe ń gòkè. Ohun ìjà yìí ń ti etí òkun gòkè wá, láti Èkó àti Pọ̀tọ̀-Nófò, ó sì ń gba ilẹ̀ Ìjẹ̀bú àti ilẹ̀ Ẹ̀gbá kọjá. Ìdí nìyí tí ìjà fi pọ̀ lórí ọ̀nà. Ẹni tí ó bá ti ọ̀nà mọ́ Ìbàdàn, ẹ̀tù ni ó tì mọ́ wọn.

Àwọn obìnrin náà kò gbẹ́yìn nínú òwò yìí. Ẹfúnṣetán Aníwúrà, Ìyálóde Ìbàdàn, wà lára àwọn tí ó ń kó ohun ìjà fún àwọn olórí ogun ní àwìn. Ní Abẹ́òkúta, Ẹfúnróyè Tinúubú ṣe irú iṣẹ́ yìí nígbà tí ìlú náà ń bá Dàhòmì jà.

Ohun tí èyí túmọ̀ sí ni pé agbo ilé ni ilé ìṣúra ohun ìjà. Ẹni tí ó bá gun òkè Mápó lónìí, tí ó wo ìsàlẹ̀ sí Ọjà'ba, Bẹẹrẹ àti Bẹyẹrúnkà, yóò rí òrùlé páànù tí ó ti dípẹtà, ọ̀kan lé èkejì, bí ìpẹ́ ẹja. Àárín irú àwọn agbo ilé wọ̀nyẹn ni àwọn jagunjagun ń gbé. Agbo ilé kan lè gba baálé, àwọn àbúrò rẹ̀, àwọn ìyàwó, àwọn ọmọ, àwọn ìwọ̀fà àti àwọn ẹrú. Àgbàlá kan ni gbogbo wọn ń lò, ọ̀dẹ̀dẹ̀ wọn sì kángun sí ara wọn. Nínú ilé báyìí, kò sí ohun tí ó jẹ́ tèmi nìkan. Bí ohun kan bá bú gbàù nínú yàrá kan, gbogbo agbo ilé ni yóò mì.

Bí ìbọn ṣe wà káàkiri agbo ilé yìí ní àbájáde tí ó kàn ìlú pẹ̀lú. Bí àwọn olóyè méjì bá ń jà, kì í ṣe ẹnu nìkan ni wọ́n fi ń jà, nítorí olúkúlùkù ní ohun ìjà rẹ̀ nílé. Ìjà Olúyọ̀lé àti Ẹlẹ́pọ̀ kúrò ní ìjà olóyè méjì, ó di ogun Bátẹ̀dó láàrin Ìbàdàn àti Ìjàyè ní 1844. Ìtàn Ẹfúnṣetán sì tún ju èyí lọ. Obìnrin tí ó ń fi ohun ìjà ran àwọn olórí ogun lọ́wọ́, kì í ṣe ojú ogun ni ó kú sí. Ní 1874, Látóòsà yọ ọ́ lóyè, nígbà tí ó sì ṣe, àwọn ẹrú inú ilé rẹ̀ pa á ní òru nínú yàrá rẹ̀. Ikú ilé ni.

Òfin tí a kò kọ sílẹ̀

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé àwọn baba wa kò ní òfin lórí ọ̀rọ̀ yìí. Wọn kò kọ ọ́ sínú ìwé ni. Ọ̀dọ̀ àwọn ọdẹ ni òfin náà ti fẹsẹ̀ múlẹ̀ jù, nítorí ọdẹ ni ó ń gbé pẹ̀lú ìbọn lọ́jọ́ ogun àti lọ́jọ́ àlàáfíà. Títí di òní, ẹni tí ó bá bá ọdẹ gidi gbé yóò mọ díẹ̀ nínú rẹ̀.

A kì í kọjú ẹnu ìbọn sí ènìyàn, ìbáà ṣófo. A kì í gbé ìbọn kọ́ ibi tí ọwọ́ ọmọdé lè tó. A kì í gbé ẹ̀tù sí ẹ̀bá ààrò, inú ìwo tàbí àdó tí a dé lẹ́nu ni ó ń wà. A kì í fa ìbọn yọ nígbà tí a bá ń bínú tàbí nígbà tí a bá ti mu ẹmu yó. Ọmọ kì í fọwọ́ kan ìbọn baba rẹ̀ láìgbàṣẹ. Lẹ́yìn gbogbo èyí ni Ògún wà. Ọdẹ gbà pé Ògún ni ó ni irin, pé ẹni tí ó bá fi irin ṣeré, irin yóò fi òun náà ṣeré.

Bí mo ṣe yẹ òfin wọ̀nyí wò, mo rí ohun méjì nínú wọn tí ó lágbára. Èkíní, wọ́n ya ìbọn sọ́tọ̀ kúrò lọ́dọ̀ ẹ̀tù, wọ́n sì ya méjèèjì sọ́tọ̀ kúrò lọ́dọ̀ ọmọdé. Èkejì, ẹnì kan wà tí a lè bi. Bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ nínú agbo ilé, baálé ni a ó pè, kò sì ní lè sọ pé òun kò mọ̀. Ṣùgbọ́n òfin náà ní àléébù tirẹ̀. Bí baálé bá jẹ́ ènìyàn rere, ilé á tòrò. Bí ó bá jẹ́ oníjàgídíjàgan, tí ó sì jẹ́ pé òun gan-an ni olórí ogun, ta ni yóò bi í?

Nígbà tí ìjọba kó ìbọn sí ìkáwọ́

Ogun Kírìjì, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1877 tí kò parí pátápátá títí di 1893, ni ó yí ọ̀rọ̀ ìbọn padà nílẹ̀ wa. Àwọn Èkìtìparapọ̀, tí Ògèdèǹgbé Ìlẹ̀ṣà jẹ́ olórí ogun wọn, rí ìbọn ìgbàlódé gbà láti ọwọ́ àwọn ọmọ ilẹ̀ wọn tí ó wà ní Èkó. Ìbọn yìí yàtọ̀ sí ṣakabùlà. Ẹ̀yìn ni wọ́n ti ń ki ọta sí i, ó ń yára, ó sì ń lọ jìnnà. Ìró ìbọn ńlá tí ń dún láàrin àwọn òkè ni a gbọ́ pé wọ́n fi sọ ogun náà lórúkọ. Látóòsà fúnra rẹ̀ kú sí ibùdó ogun náà ní 1885.

Bí ogun yìí ti ń lọ lọ́wọ́ ni àwọn ìjọba Yúróòpù àti àwọn mìíràn pàdé ní Brussels ní orílẹ̀-èdè Bẹ́ljíọ̀mù. Ní 1890, wọ́n fọwọ́ sí ìwé àdéhùn kan. Wọ́n ní òwò ẹrú ni àwọn fẹ́ fòpin sí, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ìbọn gba àyè púpọ̀ nínú rẹ̀. Wọ́n ní ìbọn ìgbàlódé kò gbọdọ̀ wọ apá tí ó pọ̀ jù ní Áfíríkà mọ́. Wọ́n tún ní gbogbo ìbọn tí ó bá wọlé gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ lọ sí ilé ìkẹ́rùsí tí ó wà lábẹ́ ojú ìjọba. Ìbọn olókùúta ìṣáná, irú ṣakabùlà, àti ẹ̀tù lásán nìkan ni a lè mú jáde níbẹ̀ fún títà.

Èyí ni ìgbà àkọ́kọ́ tí mo mọ̀ tí òfin tí a kọ sílẹ̀ béèrè ìbéèrè tí mo fi bẹ̀rẹ̀ àròkọ yìí, pé ibo ni ìbọn yóò máa sùn. Ṣùgbọ́n kì í ṣe nítorí àánú ọmọ wa nìkan ni wọ́n fi béèrè rẹ̀. Òyìnbó fẹ́ kí ìbọn líle máa wà lọ́wọ́ òun nìkan ni. Ní oṣù karùn-ún 1892, wọ́n fi ìbọn ayára-bí-àṣá ṣẹ́gun Ìjẹ̀bú ní ogun Ìmàgbọ̀n. Ní ọjọ́ 15 oṣù kẹjọ 1893, Baálẹ̀ Fìjàbí àti àwọn ìjòyè Ìbàdàn fọwọ́ sí ìwé àdéhùn pẹ̀lú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì. Kí ọdún náà tó parí, Ọ̀gágun Bower ti dé gẹ́gẹ́ bí aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, pẹ̀lú àwọn ọmọ ogun rẹ̀. Láti ìgbà náà ni agbára ìbọn ti kúrò lọ́wọ́ olórí ogun, tí ó bọ́ sọ́wọ́ ìjọba. Àwọn agbo ilé sì ku ṣakabùlà.

Òfin 1959 àti ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Mápó

Òfin Ìbọn tí a ń lò ní Nàìjíríà di òní ti wà láti 1959, kí a tó gba òmìnira. Òfin náà pín ìbọn sí ọ̀nà mẹ́ta. Apá kìíní ni àwọn ohun ìjà ogun, bọ́ǹbù àti ìbọn ìléwọ́. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ní wọn láìjẹ́ pé Ààrẹ orílẹ̀-èdè fún un ní ìwé àṣẹ. Apá kejì ni irú ìbọn tí a fi ń ṣọdẹ tàbí tí ènìyàn lè ní fún ara rẹ̀. Ọ̀gá àgbà pátápátá fún iléeṣẹ́ ọlọ́pàá ni ó ń fún ni ní ìwé àṣẹ tirẹ̀. Apá kẹta ni ṣakabùlà àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tí a ń ki láti ẹnu, àwọn náà sì ní ìwé àṣẹ tiwọn. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó rò pé ṣakabùlà kò nílò ìwé kankan nítorí pé ó jẹ́ ohun àjogúnbá. Kò rí bẹ́ẹ̀.

Òfin náà tún ka àwọn tí kò gbọdọ̀ gba ìwé àṣẹ. Ẹni tí kò tíì pé ọdún 17 wà nínú wọn. Ẹni tí orí rẹ̀ kò pé wà níbẹ̀, ẹni tí ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa náà wà níbẹ̀. Ọ̀mùtí àti ẹni tí ó ti jẹ̀bi ẹ̀sùn ìwà ipá láàrin ọdún 5 tí ó kọjá kò gbọdọ̀ gbà á. Bí a bá wò ó dáadáa, a ó rí i pé ohun tí àwọn ọdẹ ti ń sọ tipẹ́ ni: kì í ṣe ọwọ́ ọmọdé, kì í ṣe ọwọ́ ẹni tí ó ti yó, kì í ṣe ọwọ́ oníbìínú.

Kò pẹ́ tí Ìbàdàn fi rí i pé ìbọn agbo ilé kò tíì sùn. Ní oṣù kọkànlá 1968, àwọn àgbẹ̀ tí owó orí ti sú bínú, wọ́n sì kọrí sí gbọ̀ngàn Mápó, tí ìjọba amúnisìn kọ́ tí wọ́n sì ṣí ní 1929. Rògbòdìyàn Àgbẹ́kọ̀yà ni. Ṣakabùlà tí wọ́n fi ń dọdẹ lóko ni ọ̀pọ̀ nínú wọn gbé jáde. Ní 1969, wọ́n kọlu ọgbà ẹ̀wọ̀n Agodi, wọ́n sì tú àwọn ènìyàn wọn sílẹ̀. Ẹ̀mí ṣòfò lọ́dọ̀ àwọn àgbẹ̀ àti lọ́dọ̀ ọlọ́pàá. N kò sọ pé ẹ̀dùn ọkàn àwọn àgbẹ̀ kò tọ́. Ìjọba fúnra rẹ̀ dín owó orí náà kù lẹ́yìn náà, ó di £2. Ṣùgbọ́n ó fi hàn pé ìbọn tí ó wà nílé fún ẹran ìgbẹ́ lè yí ojú padà sí ènìyàn ní ọjọ́ kan.

Lẹ́yìn ogun abẹ́lé, tí olè dígunjalè pọ̀, ìjọba ológun gbé òfin líle jáde ní 1970. Lábẹ́ òfin olè jíjà àti ìbọn tí a ń lò lónìí, ẹni tí ó bá ní ìbọn láìgbàṣẹ lè san owó ìtanràn ₦20,000, tàbí kí ó lọ sẹ́wọ̀n tí kò ní dín ní ọdún 10, tàbí kí ó jẹ ìyà méjèèjì.

Òfin tí ó béèrè ibi ìpamọ́

Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹfà 2006, àwọn orílẹ̀-èdè ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà tí ó wà nínú ẹgbẹ́ ECOWAS fọwọ́ sí ìwé àdéhùn kan ní Àbújá lórí ìbọn àti àwọn ohun ìjà kéékèèké. Ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2009. Nínú rẹ̀ ni mo ti rí gbólóhùn tí mo ń wá. Ó ní kí orílẹ̀-èdè tó fún ará ìlú ní ìwé àṣẹ ìbọn, ẹni náà gbọ́dọ̀ fi ẹ̀rí hàn pé òun ti kọ́ bí a ṣe ń lò ó láìséwu. Ó sì gbọ́dọ̀ fi ẹ̀rí hàn pé òun yóò pa ìbọn náà mọ́ síbi tí ó láàbò, àti pé òun yóò pa ọta rẹ̀ mọ́ sí ibòmíràn.

Ìbọn níhìn-ín, ọta lọ́hùn-ún. Òfin ọdẹ ni èyí! Àwọn tí wọ́n so ìbọn mọ́ òkè ògiri, tí wọ́n sì fi ẹ̀tù sínú àdó tí a dé lẹ́nu, ti mọ̀ ọ́n kí àwọn ìjọba tó kọ ọ́ sílẹ̀. Ní 2021, Nàìjíríà dá àjọ kan sílẹ̀ láti máa mójú tó ọ̀rọ̀ àwọn ohun ìjà kéékèèké. Iṣẹ́ tí ó kù ni kí gbólóhùn yẹn kúrò lórí ìwé, kí ó wọ inú ilé.

Nílé àwọn ẹlòmíràn, ó ti wọlé. Ní Britain, níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ń gbé, ẹni tí ó bá gba ìwé àṣẹ ìbọn gbọ́dọ̀ tọ́jú rẹ̀ síbi tí ẹni tí kò ní àṣẹ kò ti lè tètè fọwọ́ kàn án. Ní ìpínlẹ̀ Michigan ní Amẹ́ríkà, ọmọkùnrin ọlọ́dún 15 kan mú ìbọn tí bàbá rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ rà lọ sí ilé ẹ̀kọ́ ní oṣù kọkànlá 2021, ó sì pa akẹ́kọ̀ọ́ 4. Wọ́n dá ọmọ náà lẹ́bi, ṣùgbọ́n wọn kò dúró síbẹ̀. Ní 2024, ilé ẹjọ́ dá bàbá àti ìyá rẹ̀ náà lẹ́bi ikú àwọn ọmọ wọ̀nyẹn, wọ́n sì rán wọn lọ sẹ́wọ̀n. Ní ọdún náà gan-an ni òfin tuntun bẹ̀rẹ̀ ní Michigan, pé ilé tí ọmọdé bá wà gbọ́dọ̀ ti ìbọn mọ́ ibi tí ó ní kọ́kọ́rọ́. Bí ẹ bá wò ó, baálé ni wọ́n pè yẹn.

Alẹ́ ọjọ́ kan ní Bódìjà

Ẹni tí ó bá rò pé ọ̀rọ̀ yìí jìnnà sí wa, kí ó rántí alẹ́ ọjọ́ 16 oṣù kìíní 2024. Ìró ńlá kan dún ní Bódìjà. Ilé mì káàkiri Ìbàdàn, gíláàsì fèrèsé sì já bọ́ ní àwọn ibi tí ó jìnnà sí ibẹ̀. Gómìnà Ṣèyí Mákindé sọ pé ìwádìí àkọ́kọ́ fi hàn pé àwọn tí ń wa kùsà láìgbàṣẹ ni ó kó ohun abúgbàù pamọ́ sínú ilé kan níbẹ̀. Ẹ̀mí ṣòfò. Àwọn tí ó farapa tó 77. Ọ̀pọ̀ ilé ni ó wó tàbí tí ó bàjẹ́.

Kì í ṣe ìbọn ni, òfin ohun abúgbàù sì yàtọ̀ sí òfin ìbọn. Ṣùgbọ́n ìtàn kan náà ni. Àgbá ẹ̀tù tún ti wọ agbo ilé. Ìyàtọ̀ tí ó wà níbẹ̀ ni pé ní ayé àtijọ́, gbogbo agbo ilé mọ yàrá tí ẹ̀tù wà. Ní ayé òde òní, a mọ odi gíga, a ti géètì, a kì í sì mọ ohun tí aládùúgbò wa ń kó wọlé. Àwọn tí wọ́n sùn sí òdìkejì ògiri kò mọ ohun tí wọ́n sùn tì.

Ohun tí ó yẹ kí a ṣe

Àwọn kan yóò sọ pé bí a bá ti ìbọn mọ́ inú àpótí, kí ni a ó fi lé olè lóru? Ìbéèrè gidi ni, pàápàá ní àkókò tí ajínigbé ń da àwọn abúlé láàmú. Ìdáhùn mi ni pé olè kì í wá lójoojúmọ́, ṣùgbọ́n ọmọdé ń bẹ nílé lójoojúmọ́. Ṣíṣí àgádágodo kò ju ìṣẹ́jú kan lọ. Ẹ̀mí tí ó bá ti lọ kò ní kọ́kọ́rọ́ tí a lè fi ṣí i padà.

Sí ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹgbẹ́ mi: bí o bá rí ìbọn níbikíbi, má fọwọ́ kàn án. Má gbà kí ẹnikẹ́ni sọ fún ọ pé kò sí ọta nínú rẹ̀. Kúrò níbẹ̀, kí o sì lọ sọ fún àgbàlagbà. Kì í ṣe òfófó ni o ṣe yẹn.

Sí ẹ̀yin òbí: bí ẹ bá ní ìbọn, ẹ ní ìwé àṣẹ rẹ̀. Ẹ tú u kí ó tó wọlé. Ẹ tì í mọ́ àpótí irin, kí ẹ sì ti ọta mọ́ ibòmíràn. Kí kọ́kọ́rọ́ má wà níbi tí ọmọ mọ̀. Bí ẹ bá jogún ìbọn bàbá tí ó ti kú, ẹ má kàn fi í sí òkè àjà kí ẹ sì gbàgbé rẹ̀. Ẹ lọ fi tó ọlọ́pàá létí. Ẹ̀yin onílé, ẹ bi ayálégbé ní iṣẹ́ tí ó ń ṣe, kí ẹ sì mọ ohun tí ń wọ ilé yín. Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ.

Sí ẹ̀yin olùkọ́: nígbà tí ẹ bá ń kọ́ wa ní ogun Ìbàdàn, ẹ má dúró sí ojú ogun. Ẹ tẹ̀lé jagunjagun wálé, kí ẹ fi ibi tí ó gbé ìbọn kọ́ hàn wá. Sí ìjọba: kí ẹni tí ó ń fún ni ní ìwé àṣẹ máa béèrè ibi ìpamọ́, kí ó sì lọ wò ó. Ẹgbẹ́ ọdẹ wà ní gbogbo ìjọba ìbílẹ̀. Wọ́n mọ òfin yìí ní ẹnu, wọ́n sì lè ràn yín lọ́wọ́ láti fi í kọ́ àwọn ọ̀dọ́.

Àwọn baba ńlá wa gba Ìbàdàn sílẹ̀ lọ́wọ́ ogun òde, a sì ń yìn wọ́n nítorí rẹ̀. Iṣẹ́ tí wọ́n fi sílẹ̀ fún wa kò la ìlù àti ẹṣin lọ. Kò ju kí baálé dìde kí ó tó sùn, kí ó fọwọ́ kan àgádágodo, kí ó rí i pé ó tì.